Minerva Hoyt, Opó Tí Ó Bẹ̀bẹ̀ fún Aṣálẹ̀

Ó ti di àṣà wa ní ojú ewé yìí láti máa sọ ìtàn àwọn obìnrin tí wọ́n ti lo ìgbà tiwọn lọ. Èyí tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe oníwàásù, kì í ṣe míṣọ́nnárì, kò dá ilé-ìwé sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ́ ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ tí ó ṣe ni pé ó gba òkè àti aṣálẹ̀ ńlá kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń hú ohun inú rẹ̀ tà, ó sì rí i pé ìjọba yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ gbogbo ènìyàn. Àwọn àgbà wa a máa pe irú ilẹ̀ tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀ báyìí ní igbó ọba. Ṣùgbọ́n igbó kọ́ ni tirẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí ni. Minerva Hamilton Hoyt ni orúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni.

A bí i ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1866, nínú oko ńlá kan lẹ́bàá ìlú Durant ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ẹ fi ojú sí ọdún yẹn. Ọdún 1865, èyíinì ni ọdún kan péré ṣáájú, ni òfin fi òpin sí oko ẹrú jákèjádò Amẹ́ríkà. Irú oko ńlá bẹ́ẹ̀ ní apá gúúsù ibẹ̀, òógùn ojú àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n fi dá a. A kò sọ èyí láti fi ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọ ọwọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fò ó kọjá. Ilé ọlá ni wọ́n bí Minerva sí, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ọlọ́lá ni wọ́n rán an lọ, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ orin. Nígbà tí ó dàgbà, ó fẹ́ oníṣègùn kan, Dókítà Albert Sherman Hoyt. Wọ́n gbé ní New York, wọ́n gbé ní Baltimore, nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí ọdún 1900 pé, wọ́n kó lọ sí California ní ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sì fi ìdí kalẹ̀ sí South Pasadena, nítòsí Los Angeles.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ìyá ẹgbẹ́ ti ń rí, ẹ ti mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́ níbẹ̀. Ìpàdé kan kò ní tíì parí tí òmíràn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú ọmọ aláìní, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ilé rẹ̀ sì gba àlejò. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù ni ọgbà òdòdó. Nídìí òdòdó yìí ni ó ti bá aṣálẹ̀ pàdé, nítorí àwọn ọlọ́gbà ibẹ̀ ti ń kó ọ̀gbìn aṣálẹ̀ wá sí àgbàlá wọn. Òun náà fẹ́ mọ ibi tí àwọn ọ̀gbìn wọ̀nyí ti ń wá, ó sì lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa ilẹ̀ náà, nítorí bí a bá ti gbọ́ aṣálẹ̀, iyanrìn lásán ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Tí ènìyàn bá kúrò ní Los Angeles tí ó kọjú sí ìlà oòrùn, yóò rìn ju 200 kìlómítà lọ kí ó tó dé àárín rẹ̀. Aṣálẹ̀ méjì ni ó pàdé níbẹ̀. Ti òkè, tí wọ́n ń pè ní Mojave, máa ń tutù débi pé yìnyín a máa bọ́ níbẹ̀ nígbà òtútù. Ti ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Colorado, gbóná gan-an. Láàárín méjèèjì ni àwọn òkè Little San Bernardino wà, àti òkè mìíràn lóríṣiríṣi. Èyí tí ó ga jù nínú wọn, Quail Mountain, lé ní 5,800 ẹsẹ̀ bàtà. Àpáta ńláńlá wà níbẹ̀ tí wọ́n gun ara wọn lórí bí ẹni pé ọwọ́ kan ni ó tò wọ́n.

Láàárín àwọn àpáta yìí ni igi tí gbogbo ìtàn wa dá lé lórí ń hù. Igi Jóṣúà ni wọ́n ń pè é. Ewé rẹ̀ le, ó sì mú ṣóńṣó bí ewé ọ̀pẹ òyìnbó. Ẹ̀ka rẹ̀ nà sókè síhìn-ín sọ́hùn-ún bí apá ènìyàn. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì tí wọ́n ń la aṣálẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ọdún 1850 ni wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ náà, nítorí pé wọ́n rántí Jóṣúà nígbà tí ó na ọ̀kọ̀ rẹ̀ sí ìlú Áì tí kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, orúkọ náà ti mọ́ ọn lára.

Ohun ìyanu igi yìí ni bí ó ti ń so. Kòkòrò kan ṣoṣo ni ó lè bá a ṣe é, àfòpiná kékeré kan báyìí tí kò tóbi ju èékánná lọ. Èyí tí ó jẹ́ abo yóò kó ìyẹ̀fun láti inú òdòdó kan, yóò gbé e lọ sínú òmíràn, yóò sì yé ẹyin sí ibẹ̀. Bí ẹyin bá pa, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ díẹ̀ nínú èso, wọn yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Bí kò bá sí àfòpiná, igi kò lè so. Bí kò bá sí igi, àfòpiná kò rí ibi bímọ sí. Tí igi náà bá sì hù tán, kì í yára dàgbà. Sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ni ó ń fi ga sí i lọ́dún. Èyí tí ó bá ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti lè wà níbẹ̀ láti ìgbà ayé àwọn baba ńlá ẹni tí ń wò ó. Àjàpá wà ní aṣálẹ̀ náà pẹ̀lú, ti tòótọ́, kì í ṣe ti àlọ́, tí ó ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú ihò lábẹ́ ilẹ̀ kí oòrùn má baà pa á.

Minerva Hoyt fẹ́ràn ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ ni ó so ó mọ́ ibẹ̀ pátápátá. Ó pàdánù ọmọkùnrin kan ní ìkókó. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1918, Dókítà Hoyt kú. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tí ó di opó. Ó ń lọ sí aṣálẹ̀, ó ń sùn síta gbangba lábẹ́ ìràwọ̀, ó ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láàárín àwọn igi Jóṣúà. A mọ àwọn opó láàárín wa tí wọ́n ti sọ fún wa pé ariwo àwọn tí wọ́n wá tù wọ́n nínú ni ó rẹ̀ wọ́n jù. Ní aṣálẹ̀ kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá ó ti jẹun tàbí kò tíì jẹun.

Ní àkókò yìí gan-an ni aṣálẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Mọ́tò ti pọ̀ láàárín ọdún 1920 sí 1930, ọ̀nà ti dára, ẹni tí kò lè dé aṣálẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ tí ó sì ń padà. Àṣà àgbàlá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti wá di òwò. Àwọn ènìyàn ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù lọ, wọ́n ń hú ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún lóríṣiríṣi, wọ́n ń hú igi Jóṣúà tòun ti gbòǹgbò, wọ́n ń kó wọn lọ tà ní Los Angeles. Èyí tí ó pọ̀ nínú wọn a sì kú lẹ́yìn tí wọ́n bá gbìn ín tán. Ibì kan wà nítòsí Palm Springs tí wọ́n ń pè ní Devil's Garden, tí ọrọ́ kún bámúbámú. Kí ó tó di ọdún 1930, wọ́n ti kó o tán pátápátá. Àwọn awakọ̀ mìíràn a máa ti iná bọ igi Jóṣúà lóru kí ó lè máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọdún 1930, èyí tí ó ga jù lọ nínú gbogbo igi Jóṣúà tí wọ́n mọ̀ jóná. Igi tí ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó ga, wọ́n lò ó bí àtùpà alẹ́ kan.

A rò pé èyí dun Ìyá Hoyt jù nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rà á. Àwọn obìnrin olùfẹ́ òdòdó bí tirẹ̀ ni àgbàlá wọn kún fún ohun tí wọ́n hú ní aṣálẹ̀. Kò sì bá wọn jà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gbé aṣálẹ̀ lọ bá wọn ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1928, ó ṣe àfihàn ọ̀gbìn aṣálẹ̀ ní New York. Ní 1929, ó ṣe é ní Boston, ó sì tún gbé e sọdá òkun lọ sí London. Àpáta, iyanrìn, ọrọ́, òdòdó, gbogbo rẹ̀ ni ó tò bí ó ti ń rí ní ilé rẹ̀, kí ojú àwọn ará ìlú ńlá lè rí i pé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní òfo kò ṣófo. Àwọn àfihàn yìí gba ẹ̀bùn, orúkọ rẹ̀ sì kàn. Owó ara rẹ̀ ni ó ná sí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní in, ó sì ná an. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní ni ó ń ná an bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1930, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ International Deserts Conservation League, láti máa dáàbò bo aṣálẹ̀ ní orílẹ̀-èdè gbogbo, òun fúnra rẹ̀ sì ni ààrẹ rẹ̀. Mexico, tí ó pààlà pẹ̀lú California, kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó rọ ìjọba ibẹ̀ láti ya 10,000 éékà sọ́tọ̀ nítòsí ìlú Tehuacán fún ààbò àwọn ọrọ́. Yunifásítì orílẹ̀-èdè wọn fi oyè ọ̀jọ̀gbọ́n ìdánilọ́lá dá a lọ́lá, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọrọ́ kan, Ààrẹ wọn, Pascual Ortiz Rubio, sì fún un ní orúkọ oríkì tí ó tẹ̀lé e títí ó fi kú: Àpọ́sítélì àwọn Ọrọ́. Ẹ̀yin arábìnrin, a ti gbọ́ oyè ìyá ìjọ lóríṣiríṣi, a kò tíì gbọ́ irú èyí rí.

Ní California ńkọ́? Níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ní ọdún 1928, Frederick Law Olmsted kékeré, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láti wá ibi tí ó yẹ kí ìpínlẹ̀ náà sọ di ọgbà ìjọba, ní kí ó bá òun wo ti aṣálẹ̀. Ó kọ ìròyìn rẹ̀, ó dárúkọ Death Valley, ó dárúkọ ilẹ̀ tí ó wá di ọgbà Anza-Borrego lẹ́yìn náà, ó sì dárúkọ àwọn igi Jóṣúà orí òkè Little San Bernardino. Òun gan-an rò pé ti igi Jóṣúà yìí kọjá ohun tí ìpínlẹ̀ lè dá tọ́jú. Ó fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ gbà á, kí ó sì ju mílíọ̀nù kan éékà lọ.

Ní 1933, àwọn aṣòfin California fọwọ́ sí àbá kan tí yóò sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpínlẹ̀. Ẹ rò ó wò: obìnrin tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọdún yìí wá, wọ́n gbé díẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá gbà á, a ó sì ṣe ìdúpẹ́. Ó kọ̀ ọ́. Ó lọ bẹ Gómìnà James Rolph pé kí ó má fọwọ́ sí i. Gómìnà gbọ́ tirẹ̀, àbá náà sì kú. Bí Washington bá wá kọ̀, kò ní sí ti ìpínlẹ̀, kò ní sí ti ìjọba àpapọ̀, àwọn tí ń hú ọ̀gbìn yóò sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. A kò lè sọ pé ìgbésẹ̀ náà kò léwu. Àwa rò pé ó ṣe é nítorí pé ó mọ̀ pé bí a bá ti gba díẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún tẹ́tí sí ẹ̀bẹ̀ fún púpọ̀.

Gómìnà Rolph kan náà kọ lẹ́tà fún un sí Ààrẹ tuntun, Franklin Roosevelt, ó sì mú un dání lọ sí Washington. Níbẹ̀ ni ó ti rí Harold Ickes, mínísítà tí ọ̀ràn ilẹ̀ ìjọba wà lábẹ́ rẹ̀. Kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ti ní kí àwọn onímọ̀ nípa ewéko àti ẹranko kọ ìròyìn wọn sílẹ̀, ó sì ti ní kí Stephen Willard, ayafọ́tò tí ó mọ aṣálẹ̀ dunjú, ya àwọn òkè náà, wọ́n sì di àwọn fọ́tò náà pọ̀ bí ìwé ńlá fún Ààrẹ. Ẹni tí kò lè rin ìrìn-àjò lọ sí aṣálẹ̀, ó gbé aṣálẹ̀ lé e lórí tábìlì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1933, Roosevelt pàṣẹ kí wọ́n dá ilẹ̀ ìjọba tí ó lé ní mílíọ̀nù kan éékà dúró ná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà á, títí wọn yóò fi wádìí rẹ̀.

Ó yẹ kí a rántí irú ìgbà tí èyí jẹ́. Ọ̀dá owó ti mú gbogbo Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù. Ẹni tí ebi ń pa lè béèrè pé kí ni ti ọrọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì lè sọ pé ìbéèrè náà jẹ́ ti òmùgọ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé ẹni tí ń hú igi Jóṣúà tà kò fi bọ́ ẹnikẹ́ni ju ọjọ́ kan lọ, nígbà tí ihò tí ó fi sílẹ̀ yóò wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Lẹ́yìn èyí ni wàhálà dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1934, wọ́n rán Roger Toll, ọ̀gá àgbà ọgbà Yellowstone, láti wá yẹ ilẹ̀ náà wò. Ìyá Hoyt fúnra rẹ̀ ni ó mú un kiri, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọkùnrin náà wò ó tán, ojú rẹ̀ kò gbà á. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ náà kò ní ẹwà tí ó yẹ ọgbà orílẹ̀-èdè, ó sì dá a lábàá pé bí wọn yóò bá tilẹ̀ gba nǹkan kan, kí ó jẹ́ nǹkan bí 138,000 éékà. Ìyá Hoyt kò gbà. Ó ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ lẹ́tà, wọ́n rán Harold Bryant, igbákejì olórí ilé-iṣẹ́ ọgbà ìjọba, ẹni tí ó mọ̀ nípa ẹ̀dá inú igbó. Toll wá wo ìrísí ilẹ̀; Bryant wá wo ohun tí ń gbé inú rẹ̀. Ìròyìn tirẹ̀ ti obìnrin náà lẹ́yìn.

Ó ku ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́, ìjọba ti fún ilé-iṣẹ́ rélùwéè Southern Pacific ní ilẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀ láti fi gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n la ọ̀nà. Kì í ṣe ibì kan náà ni wọ́n fún wọn. Ojú kan jẹ́ ti rélùwéè, ojú kejì jẹ́ ti ìjọba, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ojú pátákó dráàfù. Àwọn mìíràn ní oko ẹran níbẹ̀, àwọn mìíràn ń wa wúrà. Ẹni tí ó bá ti bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí rí yóò mọ̀ pé kì í tán lọ́jọ́ kan. Ọdún 1934 lọ, 1935 lọ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1936, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ ibẹ̀ di Joshua Tree National Monument. Nǹkan bí 825,000 éékà ni. Kò tó mílíọ̀nù kan tí ó béèrè, ṣùgbọ́n ó ju ìlọ́po márùn-ún èyí tí Toll fẹ́ fún un lọ. Láti ọjọ́ náà, híhú ọ̀gbìn níbẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó ti ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tàbí ibi ìwakùsà ṣáájú kò pàdánù rẹ̀. Ìyá Hoyt jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò fẹ́ gbójú fò. Nígbà tí wọ́n ń sọ pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àwọn kan ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀: àwọn Serrano, àwọn Cahuilla, àwọn Chemehuevi àti àwọn Mojave. Orísun omi Mara, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní Twentynine Palms lónìí, ilé àwọn Serrano ni. Wọ́n ń fi èso igi Jóṣúà ṣe oúnjẹ, wọ́n ń fi okùn ewé rẹ̀ hun sálúbàtà àti agbọ̀n. Kí ọ̀rọ̀ ọgbà tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni àwọn òyìnbó awakùsà àti àwọn darandaran ti gba omi náà mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì ti ká kúrò níbẹ̀. Minerva Hoyt kọ́ ni ó lé wọn. Síbẹ̀, a kò bá orúkọ wọn láàárín àwọn tí wọ́n bi léèrè ohun tí ó yẹ kí a fi ilẹ̀ náà ṣe. Ó yẹ kí ẹni tí ń yìn ín sọ èyí pẹ̀lú.

Ìyá Hoyt kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1945, ní ẹni ọdún 79. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n gé nǹkan bí 290,000 éékà kúrò lára ilẹ̀ náà, nítorí àwọn awakùsà ní ohun àlùmọ́nì wà níbẹ̀. Ìdá mẹ́ta ni ilẹ̀ náà, ìdá kan ni wọ́n gé lọ. Kò sí níbẹ̀ mọ́ láti kọ lẹ́tà. Ó gba ọdún 44 kí wọ́n tó dá èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1994, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin ààbò aṣálẹ̀ California, èyí tí Sẹ́nétọ̀ Dianne Feinstein ṣe agbátẹrù rẹ̀. Òfin yìí sọ Joshua Tree di ọgbà orílẹ̀-èdè tòótọ́, ó sì tún dá ilẹ̀ padà fún un tí gbogbo rẹ̀ fi sún mọ́ 800,000 éékà. Òfin kan náà sọ Death Valley di ọgbà orílẹ̀-èdè, èyí tí òun náà ti dárúkọ nínú ìròyìn rẹ̀. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ òkè kan lórí Little San Bernardino, Mount Minerva Hoyt, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 5,405 ẹsẹ̀ bàtà.

Ní ọdún 2023, ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn lọ tí wọ́n wá wo ibẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni California ṣe òfin pàtàkì kan fún ààbò igi Jóṣúà, nítorí ọ̀tá tuntun ti dé, tí kì í gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá. Ilẹ̀ ń gbóná sí i, òjò ń dín kù, ìrúgbìn kékeré kò rí omi fi gbé ara ró, iná sì ti ń ràn ní ibi tí kì í ràn tẹ́lẹ̀, nítorí koríko àjèjì tí ó ti hù láàárín àwọn igi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, mànàmáná dá iná sílẹ̀ ní Mojave National Preserve, ilẹ̀ mìíràn tí òfin 1994 náà dá sílẹ̀ ní apá àríwá. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé igi Jóṣúà tí ó tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó kú. Lẹ́yìn iná náà, àwọn ènìyàn yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n ń lọ gbin ọmọ igi tuntun síbẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi wáyà yí i ká kí ẹranko má baà jẹ ẹ́, wọ́n sì ń gbé omi lọ fún un. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ igi náà kò yè. Wọ́n tún padà lọ gbìn sí i.